Ọ̀jọ̀gbọ́n Jerúsálẹ́mù Tó Kí Gbogbo Ilé

Màmá Judic Vleeschdrager tú aṣọ funfun tí wọ́n fi wé ìwé àdúrà ìyá rẹ̀, ló bá figbe ta. Ìwé kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó nípọn, ó sì wúwo bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán ẹja díndín ló wà lójú ewé àkọ́kọ́. Ìwé ìdáná ni!

"Olè! Olè ti jà mí o!"

Noor, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ ṣègbéyàwó lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, sáré jáde láti ilé ìdáná, ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó rí ẹja náà, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa á. Ó wá rí ojú ìyá àgbà, ẹ̀rín sì kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Ìwé yẹn kì í ṣe ìwé lásán. Èdè Hébérù wà lápá ọ̀tún, èdè Hóláǹdì wà lápá òsì. Nígbà ogun àgbáyé kejì tí wọ́n kó ìyá Màmá Judic lọ pẹ̀lú àwọn Júù yòókù, tí kò sì padà wá mọ́, aládùúgbò kan ló gbé ìwé náà pamọ́ sábẹ́ èédú. Kò sí fọ́tò, kò sí òrùka, kò sí sàréè. Òun nìkan ni ohun tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ kàn tí ọwọ́ tirẹ̀ ṣì ń kàn. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ ka ìre sí Noor lórí lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

"Ta lẹ gbé e fún?"

"Ta ni mo gbé e fún bí kò ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n!"

Ọ̀jọ̀gbọ́n Elchanan Bar-Tuvia, ará Jerúsálẹ́mù, ẹni iyì, ẹni ẹ̀yẹ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Amsterdam ni, ó dúró ní gbọ̀ngàn àwọn Júù lẹ́yìn ọjà, ó fi èdè Hébérù wé èdè Hóláǹdì débi pé àwọn arúgbó ń fò lórí àga. Ó ń sọ èdè Hóláǹdì bí ẹni tí òkúta kún lẹ́nu, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ sí i. "Ẹ̀yin... ará... Amsterdam," ó ní, "Hébérù wà lẹ́nu yín, ẹ ò mọ̀!" Ó ní lef tí ará Amsterdam fi ń pe ìgboyà, ọkàn ni lédè Hébérù. Ó ní jatten tí wọ́n fi ń pe olè jíjà, láti ara ọ̀rọ̀ tí Hébérù fi ń pe ọwọ́ ló ti wá. Ó na ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì sókè, gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká máa pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń jí wa lẹ́rù! Ó wá ní Hébérù ń rìn bọ̀ láti ọ̀tún, Hóláǹdì ń rìn bọ̀ láti òsì, bí ọ̀rẹ́ méjì tó fẹ́ pàdé lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Màmá Judic lára. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé náà fún un pé kó lọ fara balẹ̀ wò ó. Ọkùnrin náà sì dá a padà nínú aṣọ rẹ̀, ó dì í rẹ́gírẹ́gí.

Ọ̀gá ọlọ́pàá Wiebe Terpstra, ọkùnrin gíga fíofío láti ìhà àríwá, gbọ́ ẹjọ́ náà, ó họ orí.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n ló jí ìwé àdúrà? Màmá, bóyá ẹ ṣì í gbé síbòmíràn ni."

"Ṣé orí mi ti dàrú ni?"

"N ò sọ bẹ́ẹ̀ o!"

"Ìwé náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Ṣé o mọ ohun tó ṣe? Ó gbọn eruku rẹ̀ nù, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ."

"Kí ló yẹ kó ṣe?"

"Kó fẹnu kò ó ni! Àní ọmọdé wa tí kò tíì mọ ìdí nù mọ̀ pé tí ìwé mímọ́ bá bọ́ sílẹ̀, èèyàn á gbé e, á fẹnu kò ó. Ó ti ṣe mí bákan lọ́jọ́ náà, mo kàn pa á mọ́ra."

"Màmá, n ò lè ti èèyàn mọ́lé torí pé kò fẹnu ko ìwé."

"Ó dáa. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ ìbí mi. Màá ránṣẹ́ sí i pé mo tún rí ìwé kan, ti ọkọ mi, tó pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò mọ̀ pé mo ti tú aṣọ yẹn, ọ̀kánjúwà sì ni, á wá. Kí ìwọ náà wá, kó o sì bọ́ aṣọ ọlọ́pàá yẹn sílé."

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, wọ́n to àga yí pálọ̀ ká, wọ́n bu kọfí, wọ́n gé àkàrà èso ápù. Terpstra jókòó sáàárín wọn nínú súwẹ́tà tí Noor yá a, apá rẹ̀ ò kọjá ìgúnpá. Wọ́n ní ìbátan Màmá láti àríwá ni. Ilan, ọkọ ìyàwó, ọmọ Haifa nílẹ̀ Ísírẹ́lì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú láàárọ̀ yẹn, jókòó ti fèrèsé, oorun ń kùn ún.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé, àpò awọ ní èjìká. Ó rí àga tó yíká, ó rí kọfí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbọ̀nà lọ láìbéèrè lọ́wọ́ orí rẹ̀.

"Ẹ kú oríire ọjọ́ ìbí o, Màmá!" Ó bọ Noor lọ́wọ́: "Ẹ kú oríire ìyá àgbà yín!" Ó bọ ará ilé kejì lọ́wọ́: "Ẹ kú oríire aládùúgbò yín!" Ó bọ ọlọ́pàá pàápàá lọ́wọ́: "Ẹ kú oríire ìbátan yín!" Ó yí pálọ̀ ká, kò fo ẹnì kan, ó jókòó, ó sì na ọwọ́ sí kọfí.

Màmá Judic gbé ọ̀bẹ àkàrà dúró lófuurufú.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ dé ilẹ̀ wa?"

"Kò... tíì... pẹ́." Òkúta ti padà sẹ́nu.

"Ta ló wá kọ́ yín ní àṣà Hóláǹdì yìí, pé ká máa kí gbogbo ilé nítorí ọjọ́ ìbí ẹnì kan?"

"Ní Jerúsálẹ́mù... bẹ́ẹ̀ náà..."

"Irọ́!" Ilan fò dìde, oorun dá lójú rẹ̀. "Ọjọ́ ìbí àkọ́kọ́ tí mo wá bá wọn ṣe níbí, Màmá nìkan ni mo kí! Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí èmi náà kú oríire, mo rò pé orí wọn ò pé ni. Títí dòní ni wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!" Ó yí sí ọkùnrin náà, ó da Hébérù bò ó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó mì í lẹ́ẹ̀kejì.

"Mo bi í pé kí lorúkọ ìyá rẹ̀," ni Ilan kígbe, "ó ń mi orí!"

Àga ṣubú, kọfí dà, ọ̀jọ̀gbọ́n ti dé ìta. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, àpò ń fò lẹ́yìn rẹ̀, ó sá lọ lẹ́bàá odò. Terpstra já kẹ̀kẹ́ Noor gbà, èyí tí wọ́n ti fi ríbọ́ọ̀nù ìgbéyàwó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Màmá Judic kó sínú àpótí iwájú kẹ̀kẹ́ akẹ́rù kan, ọ̀bẹ àkàrà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wà á, Ilan! Tó o bá fẹ́ fẹ́ ọmọ mi, wà á!"

Wọ́n ya lọ́dọ̀ ẹlẹ́ran, wọ́n ya lọ́dọ̀ ẹlẹ́ja, ẹja fọ́n ká sílẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí Terpstra dì í mú, ríbọ́ọ̀nù há sí táyà. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó dorí kọ afárá. Agogo afárá bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ọkọ̀ ojú omi fẹ́ kọjá, afárá ń gbéra sókè. Ó wà á gòkè, ó yọ̀, òun àti kẹ̀kẹ́ yí gbirigbiri padà wá sílẹ̀. Ló bá na àpò náà sórí omi.

"Ẹ dúró níbẹ̀! Ìwé yín wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan, màá jù ú sódò!"

Òkúta ti tán pátápátá lẹ́nu rẹ̀. Terpstra dúró. Màmá Judic sọ̀kalẹ̀, ó gbé ọ̀bẹ fún Ilan.

"Ṣé ìyá rẹ ṣì wà láyé?"

"...Ó wà."

"Ṣé wọ́n máa ń kí ọ kú oríire rẹ̀?"

Ọkùnrin náà wo àpò ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni ò kí mi kú oríire ìyá mi rí. N ò mọ ọjọ́ tó kú. Ìwé yẹn ni gbogbo ohun tó kù lára rẹ̀. Ó kù sọ́wọ́ rẹ."

Díẹ̀díẹ̀, ọkùnrin náà gbé àpò náà kúrò lórí omi. Kí ó tó gbé e kalẹ̀, Terpstra ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun.

"Orúkọ?"

"Krelis Dubbeld."

"Ibo?"

"Purmerend, nítòsí ibí. Wàràkàṣì ni mò ń tà. Àárín ọjà ni mo ti gbọ́ Hébérù díẹ̀díẹ̀."

"Ta ló fẹ́ ra ìwé náà?"

"Ọlọ́jà ohun àtijọ́ kan. Ọ̀la ló ní kí n mú un wá."

Terpstra ṣí àpò, ìwé náà yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Gbogbo wọn pariwo. Ọlọ́pàá gíga náà bẹ̀rẹ̀, ó gbé e, ó nà án sí Màmá Judic. Ló bá rántí. Ó fa ọwọ́ padà, ojú ń tì í díẹ̀, ó fẹnu ko ẹ̀yìn ìwé náà, ó tó wá fi lé e lọ́wọ́.

"Màmá," ó ní, "ẹ kú oríire ìyá yín."

Màmá Judic sunkún kíkorò níbẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn. Noor tó sáré tẹ̀ lé wọn bọ ìyá àgbà lọ́wọ́: "Ẹ kú oríire ìyá yín." Ilan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹlẹ́ja tí wọ́n da ọjà rẹ̀ nù náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kò tilẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.