Nọ́ọ̀tì Márùn-ún Lára Ọkọ̀ Onínọ́ọ̀tì Mẹ́rin

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, olùkọ́ ìṣirò jí, ó gbàdúrà, ó mu tíì rẹ̀ tán, ó sì gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ bí ó ti ń ṣe láti ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn. Ọkọ̀ rẹ̀ kékeré wà níbẹ̀ lórí igi mẹ́rin. Ọkọ̀ náà ti dàgbà, ó ju gbogbo ọmọ tó ń kọ́ ní kíláàsì lọ lọ́jọ́ orí, àmọ́ ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣì dára.

Nọ́ọ̀tì mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n fi ń de táyà rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ríìmù rẹ̀ ti là, irú rẹ̀ kò sì wọ́pọ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ wá fún un ní ríìmù mẹ́rin pẹ̀lú táyà tó ṣì le, èyí tó yọ lára ọkọ̀ tirẹ̀ tó ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n onínọ́ọ̀tì márùn-ún ni ìyẹn. Kí wọ́n tó lè wọlé, àfi kí wọ́n pààrọ̀ họ́ọ̀bù, ìyẹn irin tó ń yí tí a ń so táyà mọ́.

"Ọ̀gá, ṣé ó ti parí?"

Mẹkáníìkì nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Ẹ káàárọ̀, tíṣà. Iwájú ti parí. Ẹ̀yìn ló kù. Họ́ọ̀bù ẹ̀yìn ò ì dé, wọ́n ní ó di ọjọ́ Ẹtì."

"Ọjọ́ Ẹtì kẹ̀! Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ ní ọjọ́ Ajé. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ẹ ní ọ̀la. Ọ̀la tiyín yìí, ṣé inú kàlẹ́ńdà ló wà ni àbí inú àlá?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Kí n má bínú? Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá mi! Oṣù méje la fi retí ọjọ́ yẹn. Dókítà ní àìsàn tó wà lójú wọn, díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ ojú, èyí tó bá sì ti jẹ kì í padà."

"Ẹ fi ọkọ̀ èrò gbé Màmá lọ. Tíṣà, mo ṣàlàyé fún yín níjọ́sí. Họ́ọ̀bù kì í dá rìn. Òun, béárìn rẹ̀ àti bíréèkì rẹ̀, ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Ara ọkọ̀ tó bá tiyín tan la ti ń yọ wọ́n, kí gbogbo rẹ̀ lè bára mu. Ihò àárín ríìmù gbọ́dọ̀ jókòó gírígírí sórí họ́ọ̀bù, orí nọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ bá ojú ihò rẹ̀ mu. Tí mo bá tò ó tán, ẹ máa wà á díẹ̀, ẹ máa wá padà kí n tún un dè. Ojú àwo làwo fi í gbọbẹ̀."

Olùkọ́ pòṣé, ó kọjá lọ. Ó ti sú u.

Nírọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀, ẹni tó ń ránṣọ, bá a nídìí tábìlì pẹ̀lú páálí, rúlà àti kọ́ńpáàsì.

"Bàbá àwọn ọmọ, kí lẹ̀ ń yà?"

"Họ́ọ̀bù ẹ̀yìn ni. Mo pín róbótó sí márùn-ún, dígírì méjìléláàádọ́rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Jórinjórin á fi ẹ̀rọ lu ihò tẹ̀ lé e lára họ́ọ̀bù àtijọ́, ó parí. Irọ́ ò sí nínú ìṣirò."

"Họ́ọ̀bù tó ti ní ihò mẹ́rin tẹ́lẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ìyàwó rẹ̀ mi orí. "Èmi ò mọ ọkọ̀, aṣọ ni mo mọ̀. Tójú abẹ́rẹ́ bá ti pọ̀ jù lójú kan, aṣọ á ya níbẹ̀, bó ti wù kí ìwọ̀n rẹ̀ gún tó."

"Aṣọ ni tìẹ, irin ni tèmi."

"Kò burú. Irin ò gbọ́ ìṣirò ṣá o."

Lọ́jọ́rú, mẹkáníìkì jáde lọ tún ọkọ̀ kan ṣe lójú ọ̀nà. Ó ku olùkọ́ àti jórinjórin òdìkejì títì, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kò-sí-ìṣòro, nítorí èsì tó ń fọ̀ fún gbogbo ìbéèrè nìyẹn. Ó gbé páálí olùkọ́ lé irin, ó sì wò ó títí.

"Tíṣà, ihò kan yìí fẹ́ẹ́ bọ́ sínú ti tẹ́lẹ̀ o."

"Tẹ̀ lé ilà tí mo yà."

"Kò sí ìṣòro!"

Kó tó di ọ̀sán, ọkọ̀ ti dúró lórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó rẹwà. Inú olùkọ́ dùn débi pé kò tilẹ̀ dúró de mẹkáníìkì.

Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́, wọ́n fa Màmá lọ́wọ́ jáde. Ó fọwọ́ pa ara ọkọ̀ náà, ó sì kì í: "Ọkọ̀ ọmọ mi, àgbà tó bọ bàtà ọmọdé! Arìn-má-rẹ̀, asáré-má-ṣubú, gbé mi lọ, gbé mi bọ̀." Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ṣe àmín. Kò sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo nọ́ọ̀tì.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ìyàwó fi yíjú padà. "Ẹ ò gbọ́ ohun tó ń dún kù-kù-kù lẹ́yìn?"

"Ọ̀nà ni ò dáa."

"Ọ̀nà wo? Ọ̀nà tó jọ̀lọ̀ báyìí?"

"Ọkọ mi," Màmá ní, "ìdí mi ń gbọ̀n."

"Màmá, aago mẹ́sàn-án ni wọ́n dá fún wa. Ẹ jẹ́ ká kọrin."

Ó gbé orin sókè kí ó lè bo ìró náà mọ́lẹ̀. Wọ́n dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan nígbà tí ìyàwó rí táyà kan tó ń yí lọ níwájú wọn.

"Táyà ta nìyẹn?"

Kó tó sọ ọ́ tán, ìdí ọkọ̀ já lulẹ̀. Irin ń ha títì, iná ń ta pàrà, ọkọ̀ sì yí bìrì, ó fẹ̀gbẹ́ sọ kòtò. Ọpẹ́ ni pé ara ògiri kan ni táyà náà lọ kú sí, kò bá ènìyàn níbẹ̀. Àmọ́ ọrùn ọwọ́ Màmá ti ṣẹ́, orí rẹ̀ sì ti gbá ìlẹ̀kùn.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. "A ò lè ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ forí gbá nǹkan báyìí. Ẹ máa padà wá gba ọjọ́ mìíràn."

"Ìgbà wo?"

"Oṣù márùn-ún."

Olùkọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, mẹkáníìkì gbé họ́ọ̀bù tó já sí i lọ́wọ́. "Ẹ wo ibi tí ihò tuntun ti wọ inú ti àtijọ́. Irin tó wà láàárín ihò méjì ni agbára họ́ọ̀bù. Ẹ ti lù ú tán."

"Ìwọ̀n mi gún, ọ̀gá."

"Ó gún, tíṣà. Ibi tí irin ò sí lẹ gbé e lé." Ó mí kanlẹ̀. "Họ́ọ̀bù tí mo ní kẹ́ ẹ dúró dè, ó dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ó wà nínú páálí lọ́hùn-ún."

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó gba ìwé ìwakọ̀ olùkọ́ fún ọdún kan. Ìyẹn ò dùn ún tó ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé. Nígbà tí oṣù márùn-ún fi pé, ojú ọ̀tún Màmá ti kú pátápátá. Ti òsì nìkan ni wọ́n rí gbà là. Màmá ò bú u, kò ṣépè. Ní àràárọ̀, ó kàn máa ń na ìwé Sáàmù sí i pé, "Ọkọ mi, ka tòní fún mi." Olùkọ́ á sì kà á. Gbogbo àgbà péjọ, wọn ò rí oògùn àbámọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ àtijọ́, yíyí i padà sí onínọ́ọ̀tì márùn-ún kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ó lọ́nà tí à ń gbà ṣe é. Ẹ gba ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe láàyè, kí ẹ sì jẹ́ kó pààrọ̀ họ́ọ̀bù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú ohun tó bá wọn rìn. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni lu ihò tuntun sára họ́ọ̀bù tó ti ní ihò. Bí ohun èlò kan ò bá ì dé, ọkọ̀ èrò wà. Bí ọkọ̀ yín bá ń dún bí kò ṣe dún lánàá, ẹ yà sẹ́bàá ọ̀nà, ẹ pa á, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wò ó. Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà, ṣùgbọ́n sípánà wà lọ́wọ́ yín. Àwọn tó jókòó sẹ́yìn yín kò mọ ohun tí ẹ fi dè é.