Ẹ̀rín Ganiat Níbi Ìpàdé Ẹbí

"Ganiat, ẹ̀gbẹ́ mi ni kí o jókòó sí o," ni Màmá wí bí ó ti ń wé gèlè. "Tí èrò bá ti pọ̀, gbogbo ohùn máa ń lọ́ mọ́ra létí mi. N kì í mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, n kì í mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bọ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ, rọra tún un sọ fún mi."

"Mo ti gbọ́, Màmá," ni Ganiat dáhùn, ó sì yínmú.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ìwé díẹ̀ tó kà sì ti ń gùn ún. Ọ̀dọ̀ Màmá, ìyá ìyá rẹ̀, ló ń gbé, nínú yàrá ìta kan ní agbo ilé wọn ní Ẹnu Ọ̀wá. Ibẹ̀ ni Màmá ti ń ta ìlẹ̀kẹ̀ tó fi ń rán an ní ilé ìwé. Síbẹ̀, Ganiat a máa sọ fún Hàwáwù ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Màmá mi ń díbọ́n ni. Tí mo bá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú yàrá, wọ́n ń gbọ́. Ohun tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń gbọ́." Ọgbọ́n akọ́wé mà nìyẹn o!

Ọjọ́ Sunday kan ni, ní ọdún 1956. Àgbàlá kún fún ìpàdé ẹbí. Èèyàn mẹ́ta ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọdé ń ké, asọ̀rọ̀mágbèsì ara ògiri sì ń pariwo. Àlàájì Bùsàrí, olórí ẹbí, kọ̀ kí wọ́n pa á. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wọlé ni, gbogbo ayé sì gbọ́dọ̀ mọ̀. Irú wọn náà là ń pè ní olórí!

Ganiat mú Màmá dé orí àga. Bí ó ti fẹ́ jókòó ni Hàwáwù pè é láti orí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn.

"Àbí ìwọ lo wá di ògbufọ̀ arúgbó?"

Ojú ti Ganiat. Ó fi Màmá sílẹ̀, ó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó.

Bùsàrí sọ̀rọ̀ láti apá òsì. "Ẹ̀gbọ́n, a fẹ́ kí ẹ fi yàrá ìta yẹn sílẹ̀ fún Jíbrílù ọmọ mi, kó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Kí ẹ̀yin lọ máa sinmi lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa ní Ìjẹ̀bú. Ṣé ẹ gbà?"

Ọ̀tún ni Màmá yíjú sí. Ẹnu ẹni tí kò sọ nǹkan kan ló ń wò. Hàwáwù bú sẹ́rìn-ín, Ganiat náà bú sẹ́rìn-ín. Ketekete ló gbọ́ ọ̀rọ̀ náà o! Ó kàn gbà pé Màmá náà gbọ́ ni. Màmá fojú wá a, kò rí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ló béèrè ohun tí wọ́n sọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìtìjú pọ̀ jù, ìyá arúgbó kàn mi orí bí ẹni tó gbọ́.

"Wọ́n ti gbà!" ni Bùsàrí wí kíá. "Al-fátíhà!"

Gbogbo wọn tẹ́wọ́. Màmá náà tẹ́wọ́, ó sì ṣe àmín. Ní ilé wọn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti ṣe fátíhà sí ti parí.

Nígbà tí wọ́n padà sí yàrá, Màmá ti ilẹ̀kùn. "Àdúà kí ni a ṣe?"

Ìgbà yẹn ló tó yé Ganiat pé Màmá kò gbọ́ nǹkan kan ní àgbàlá. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ pátápátá. Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò ní kí ó tún un sọ.

"O gbọ́ èyí níbẹ̀," ni Màmá wí, "o sì ń rẹ́rìn-ín?"

Ganiat sáré lọ kúnlẹ̀ fún Bùsàrí. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, wọn ò gbọ́ ohun tí ẹ sọ."

"Ìwọ ńkọ́, ṣé o ò gbọ́ ni? Ẹ̀rín ta ni mo gbọ́ lórí àtẹ̀gùn? A ti ṣe fátíhà. Lọ di ẹrù rẹ."

Oṣù yẹn kò parí tí wọ́n fi kó lọ sí Ìjẹ̀bú, ilé ìwé Ganiat sì parí síbẹ̀. Hàwáwù kò tilẹ̀ wá kí i pé ó dìgbà.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, etí àgbà kì í puró. Ohun tó ń gbọ́ níbi tó pa rọ́rọ́, ariwo lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àgbà bá ní kí ẹ jókòó ti òun, ẹ jókòó. Ẹni tó gbọ́ tí kò sọ, òun gan-an ni adití.