Anežka Tiwa

Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ ìdíje ẹyin ọdún Àjíǹde. Anežka Nejezchlebová, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, dúró níwájú láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá bàbá rẹ̀ jókòó lẹ́yìn pátápátá. Ojú Màmá Àgbà kò ríran jìnnà mọ́, àmọ́ òun ló kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń fi ìda ya òdòdó sára ẹyin kí wọ́n tó rì í sínú aró.

"Ẹni tó gba ipò kìíní ni Anežka Vránová," ni olùkọ́ kéde.

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Anežka bọ́ síwájú, ó gba ẹ̀bùn.

Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ olùkọ́ pé kí wọ́n pe òun bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ sì fẹ́ ṣègbéyàwó pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Vrána lóṣù kẹfà. Kí ló dé tí òun ò ní tètè bọ́ lọ́wọ́ yẹ̀yẹ́? Nejezchleb, orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀, "Má jẹ búrẹ́dì" ló túmọ̀ sí lédè wọn; "ová" ni wọ́n ń fi kún orúkọ ìdílé fún obìnrin. Radim, ọmọ kíláàsì rẹ̀, kì í jẹ́ kó sinmi: "Má-jẹ-búrẹ́dì, kí lẹ wá ń jẹ nílé yín, ṣé koríko ni?"

Nígbà tó dé ẹ̀yìn, Màmá Àgbà fà á mọ́ra. "Má bínú, ọmọ mi. Anežka mìíràn ló gbà á. Lọ́dún tó ń bọ̀, tiwa ló máa gbà á."

Ìgbà tí wọ́n délé tán ni Anežka tó jẹ́wọ́ pé òun ni Vránová yẹn, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Ìwọ lo gba ipò kìíní," ni Màmá Àgbà wí, "tí mi ò sì pàtẹ́wọ́ fún ọ?"

Ó wá fà á jókòó.

"Wọn ò bí mi sínú orúkọ yìí. Kopřivová ni mí nílé bàbá mi. Ọjọ́ tí mo wọlé ọkọ, ìyá ọkọ mi ní, 'Ová tó kẹ́yìn orúkọ rẹ yìí, ó ní o ti di tiwa nìyẹn. Ẹni tó bá fìyà jẹ ọ́, àwa ló fìyà jẹ.' Ó sì mú un ṣẹ."

"Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ Má-jẹ-búrẹ́dì?"

"Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé ìyàn mú. Bàbá ńlá ọkọ mi kì í fẹnu kan búrẹ́dì títí àwọn ọmọ á fi yó. Àwọn aládùúgbò ń fi ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń pè é ní Má-jẹ-búrẹ́dì, orúkọ náà bá mọ́ ọn lára." Ó nu ojú ọmọ náà. "Vrána, èèyàn dáadáa ni. Tó o bá fẹ́ orúkọ rẹ̀, gbà á, kò sí ìjà. Ṣáà sọ fún mi, kí n lè mọ ẹni tí màá pàtẹ́wọ́ fún."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Anežka bẹ olùkọ́ rẹ̀ kó pe òun ní Nejezchlebová padà lójú gbogbo kíláàsì. Radim rẹ́rìn-ín. "Má-jẹ-búrẹ́dì ti padà dé."

"Mo ti dé," ni Anežka dáhùn. "Ẹnì kan ló fi búrẹ́dì du ara rẹ̀ kí ilé wa má bàa parun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Radim yíjú sí ìwé rẹ̀.

Lóṣù kẹfà, ìyá rẹ̀ di Vránová. Ọ̀gbẹ́ni Vrána bi Anežka bóyá ó fẹ́ máa jẹ́ orúkọ náà. "Ẹ ṣeun, sà," ló wí. "Ọmọ yín náà ni mí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n máa jẹ́ ti bàbá mi." Ọkùnrin náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Inú Anežka kún fún ọpẹ́, torí ó ti yé e pé orúkọ tí òun ń tijú rẹ̀, oore tí ẹnì kan ṣe fún òun kí wọ́n tó bí òun ni.