Obìnrin Tí Kò Sáré

"Gé e kúrò."

Olùdarí fíìmù nawọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà. Obìnrin kan ló wà níbẹ̀ tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún yí ẹ̀rọ, ó ń fi tòsì ti aṣọ, ọ̀pá tó máa ń kì bọ abíyá sì fara ti ògiri lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé gbogbo ẹ̀, bọ̀dá?" ni ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bi í.

"Gbogbo ẹ̀. Ìran yẹn á mú kí àwọn èèyàn máa tòògbé."

Àlùmọ́gàjí ni gbogbo ẹgbẹ́ onífíìmù ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń pe ọmọbìnrin náà, torí òun ló máa ń gé àwòrán tí kò wúlò dànù, tó sì máa ń so èyí tó dáa pọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju ti àwọn tó jù ú lọ. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ kò yá rárá. Ìyá rẹ̀ ni obìnrin ojú kọ̀ǹpútà yẹn.

Ìtàn ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe fíìmù náà. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni àìsàn rọpárọsẹ̀ dá obìnrin télọ̀ náà wó, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò sì gbé e mọ́. Wọ́n gbàdúrà títí, ẹsẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tó yá, ó ránṣẹ́ pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ó ní kó so ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ mọ́ èyí tí òun ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àtìgbà náà ló ti ń ránṣọ, tó ń kọrin ìyìn nídìí ẹ̀. Òṣèré kan ló ṣe bí ìyá náà nínú fíìmù, àmọ́ ní ìparí, ìyá fúnra rẹ̀ ló yẹ kó yọ, kó sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe àdéhùn.

"Fíìmù ìgbàgbọ́ wo ló ń parí sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ?" ni Olùdarí wí. "Ìyanu làwọn èèyàn fẹ́ rí. A ti ya ibi tí òṣèré wa ti ju ọ̀pá nù, tó sáré yí pápá po. Ìyẹn ni kó o fi sí i. Kó o wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn."

"Àmọ́ kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé Ọlọ́run ò lè ṣe é ni?"

Ta ló fẹ́ lanu pé Ọlọ́run ò lè ṣe é? Olùdarí rí i pé Àlùmọ́gàjí ti ń rọ̀, ló bá rẹ ohùn sílẹ̀. "Lẹ́tà tó o ní kí n kọ fún ilé ẹ̀kọ́ fíìmù, mo ti kọ ọ́ tán. Ó ku kí n bu ọwọ́ lù ú. Má jẹ́ kí ìṣẹ́jú méjì dí ẹ lọ́nà."

Ilé ẹ̀kọ́ yẹn kì í gba ẹni tí kò bá ní lẹ́tà ọ̀gá nínú iṣẹ́, ó sì ti pẹ́ tí ọmọ yìí ti ń fojú sọ́nà. Ó gé ìyá rẹ̀ kúrò. Ó fi òṣèré tó ń sáré sí i. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sí ìparí: BÓ ṢE ṢẸLẸ̀ GAN-AN NÌYÍ.

Olùdarí pàtẹ́wọ́. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. "Ẹ̀n-ẹ́n, bá mi sọ fún màmá ẹ kí wọ́n má wulẹ̀ wá lọ́jọ́ Àìkú tá a máa fi fíìmù yìí hàn. Àwọn àlejò tó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn ò mọ̀ wọ́n rí. Tí wọ́n bá lọ rí ọ̀pá, ọ̀rọ̀ á dàrú."

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ ń lọ búláòsì tuntun tó rán fún ọjọ́ náà.

"Màámi, wọ́n ní... ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní kí ẹ má wá."

"Ta ni wọ́n?"

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀: lẹ́tà, eré sísá, àti ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó rò pé ìyá òun á sunkún. Ẹkún kẹ̀! Obìnrin náà gbé áyọ́ọ̀nù nàró.

"Ẹsẹ̀ mi lẹ fi ṣe fíìmù, ẹsẹ̀ mi náà ni kò wá gbọdọ̀ wá wò ó?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń ta ọmọ rẹ̀ lára. "Èmi tí mo bá Ọlọ́run fà á lórí bẹ́ẹ̀dì títí a fi parí ìjà, kí n wá sá pamọ́ nítorí Olùdarí? Kò tó bẹ́ẹ̀! Mò ń lọ. Ìwọ tó o fọwọ́ ẹ kọ irọ́, ìwọ lo mọ bó o ṣe máa pa á rẹ́."

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kún dẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Àlùmọ́gàjí fi ọ̀pá rẹ̀ rìn gba àárín èrò, ó lọ jókòó síwájú pátápátá. Olùdarí sáré wá, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Ẹ kú ọ̀sán, mà. Ẹ jẹ́ ká wá àyè tó dáa fún yín lẹ́yìn."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ojú mi kì í ríran láti ẹ̀yìn."

Àlùmọ́gàjí bọ́ síwájú Olùdarí. "Bọ̀dá, mo ti tún fíìmù yẹn ṣe. Èyí tó jẹ́ òtítọ́ rèé. Ẹ jọ̀ọ́, òun ni kẹ́ ẹ fi hàn."

"Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni màá fi hàn. Tó o bá sì fi lanu, gbàgbé lẹ́tà."

"Ẹ fà á ya."

Wọ́n tan fíìmù. Nígbà tí òṣèré ju ọ̀pá nù tó sì fi eré gé e, gbọ̀ngàn hó gèè. "Halelúyà!" Àwọn kan gorí àga. Ọ̀rọ̀ ìparí yọ gàdàgbà lójú ògiri. Àlùmọ́gàjí dìde, ó lọ dúró síwájú rẹ̀.

"Irọ́ ni! Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn, irọ́ ni mo kọ. Màámi rèé. Wọn ò sáré."

"Ẹ má dá a lóhùn," ni Olùdarí ké, "ọmọdé ni!"

"Ọmọdé ni lóòótọ́," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì fi ọ̀pá rẹ̀ dìde. "Ṣé ọmọdé lèmi náà? Mo bẹ Ọlọ́run fún ẹsẹ̀ yìí. Mo ṣì ń bẹ̀ ẹ́. Kò tíì fún mi. Lọ́jọ́ tí mo padà sídìí ẹ̀rọ, inú bí mi sí Ọlọ́run débi pé mi ò lè gbàdúrà, aṣọ ni mo ń rán. Mo rán apá kan, mo rán ìkejì, kí n tó mọ̀, orin ti bọ́ sí mi lẹ́nu. Ìyanu tèmi nìyẹn. Ẹni tí ìyẹn kò bá tó, kó wá tiẹ̀ lọ síbòmíràn."

Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Àwọn kan pòṣé, wọ́n jáde, wọ́n ní wọ́n ti ba ayọ̀ àwọn jẹ́. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àmọ́ láàárín àwọn tó kù, bíríkìlà kan tí ọwọ́ òsì rẹ̀ ti rọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọ kékeré.

"Gbogbo fíìmù báyìí ni mò ń wò," ló wí. "Gbogbo wọn ló ń rí ìwòsàn, èmi nìkan ló kù. Mo ti gbà pé Ọlọ́run ò mọ̀ mí. Òní ni mo kọ́kọ́ rí ẹni tó jọ mí."

Ìyá Àlùmọ́gàjí lọ jókòó tì í.

"O ti ba iṣẹ́ wa jẹ́!" ni Olùdarí ń pariwo mọ́ ọmọ náà.

"Ẹ wo ọkùnrin yẹn, bọ̀dá. Ṣé eré sísá ló pa á lẹ́kún?"

Wọ́n lé e kúrò nínú ẹgbẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ fíìmù kò gbà á lọ́dún yẹn, ó sì dùn ún wọra, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ ẹ̀kọ́ tó kọ́ lọ́jọ́ yẹn, ilé ẹ̀kọ́ kan ò lè kọ́ ọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irọ́ a máa yọ òdòdó, kì í so èso. Fíìmù ìgbàgbọ́ tó ń wọni lákínyẹmí ara ni èyí tí ẹni tí ìyà ń jẹ ti rí ara rẹ̀, tó sì rí i pé Ọlọ́run ò kọ òun sílẹ̀. Ọlọ́run ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó bá òun purọ́, ìwọ ọ̀dọ́, má ṣe jẹ́ iṣẹ́ tí kò rán ẹ.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nínú ẹgbẹ́ gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ bẹ Olùdarí, bóyá á tún lẹ́tà mìíràn kọ, Àlùmọ́gàjí gbọn orí.

"Màámi ni mo ṣẹ̀," ló wí, "mo sì ti bẹ̀ wọ́n. Kò tún sí ẹni tí mo jẹ ní ẹ̀bẹ̀ mọ́."