Ohun Tí Àwọn Kòkòrò Kọ̀ Láti Mu

Ní ọjọ́ tí Tamsin Pascoe kọ́kọ́ rí Hedley Vowles, ìgò òfìfo ló nà sí i lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ̀ àwọn ọkùnrin.

"Ìwọ lo wá ṣe ẹsẹ̀ róbọ́ọ̀tì wa, àbí? Jọ̀wọ́, tọ̀ sínú èyí fún mi."

Hedley wo ìgò, ó wo ojú rẹ̀. "Ní Bristol yìí, ṣé ẹ kì í kọ́kọ́ béèrè orúkọ èèyàn ni?"

"À ń béèrè. Ṣùgbọ́n ebi ń pa àwọn kòkòrò mi."

Òótọ́ ló sọ. Iṣẹ́ Tamsin ní ilé ìwádìí wọn ni láti tọ́jú àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú àwọn agolo kéékèèké lẹ́yìn róbọ́ọ̀tì náà. Ìtọ̀ ni wọ́n ń mu, iná mànàmáná a sì máa ti ara wọn jáde. Iná ọ̀hún kéré. Nítorí náà ni róbọ́ọ̀tì fi máa ń dákẹ́ pẹ́ bí òkú, títí agbára yóò fi kó jọ, kó tó gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn máa ń ba Hedley lẹ́rù.

"Ó dà bí ẹni tó ń rò ó bóyá kí òun ṣì wà láàyè," ló wí.

Ìfẹ́ wọ àárín wọn. Nígbà tó fi di ìgbà ìwọ́wé, ìtọ̀ Hedley nìkan ni róbọ́ọ̀tì ń mu, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn a sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ṣé ọmọ yín ti jẹun?" Wọ́n fi ìgbéyàwó sí ìgbà ooru.

Loveday, ìyá Tamsin, wá wo Hedley láti Cornwall. "N ò bi ọ́ léèrè owó," ló wí. "Ṣé ara rẹ le? Bàbá Tamsin fi àìsàn pamọ́ fún mi títí ó fi ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi ṣe opó bíi tèmi."

"Ara mi le, ìyá," ni Hedley dáhùn, ó sì ń bu tíì fún un.

Lẹ́yìn Kérésì, róbọ́ọ̀tì dákẹ́, kò sì gbẹ́sẹ̀ mọ́. Tamsin yẹ gbogbo rẹ̀ wò létòlétò. Kì í ṣe òtútù. Kì í ṣe wáyà. Ó fún agolo kan ní ìtọ̀ ẹlòmíràn, ó fún èkejì ní ti Hedley. Àwọn kòkòrò àkọ́kọ́ yè; ti ìkejì kú. Ó tún un ṣe, ó sì tún un ṣe, nítorí ó ń gbàdúrà pé kó jẹ́ àṣìṣe òun. Ṣùgbọ́n oògùn líle inú ìtọ̀ ló ń pa kòkòrò, ẹni tó ń ṣàìsàn líle ló sì ń lo irú rẹ̀.

"Hedley, oògùn wo lò ń lò?"

Ó wo róbọ́ọ̀tì. "Ó ti ṣòfófó mi."

"Dá mi lóhùn."

"Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni."

"O sì ń gbé ìgò wá fún mi láràárọ̀?"

"Bí mo bá dáwọ́ dúró, wàá béèrè ìdí." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Àwọn dókítà ò mọ ibi tí yóò já sí. Máa lọ, olùfẹ́ mi. Ìyá rẹ ti sọ tiwọn."

Tamsin lọ sílé. Níbikíbi tó bá jókòó sí, yóò máa gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ tó ń gun àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ náà kì í dókè. Nígbà tí kò lè gbà á mọ́ra, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Ta ló sọ fún ọ?" ni Loveday béèrè.

"Àwọn kòkòrò ni."

"Wọ́n sàn ju bàbá rẹ lọ. Kì í ṣe ikú rẹ̀ ló ń bá mi jí, Tamsin. Àwọn oṣù tí ẹ̀rù fi ń bà á lóun nìkan ni, tí mo sùn tì í tí mi ò mọ̀. Ìwọ ti mọ̀. Ó kù sọ́wọ́ rẹ."

Tamsin padà sọ́dọ̀ Hedley, wọn kò sì dúró de ìgbà ooru mọ́. Ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó, Hedley kò lè dúró pẹ́. Loveday fúnra rẹ̀ ló fa àga sún mọ́ ọn.

"Jókòó, ọmọ mi. Ẹni tó jókòó náà ń gbéyàwó."

Ọwọ́ Hedley tutù nínú ọwọ́ Tamsin. Akọ̀wé ìgbéyàwó bẹ̀rẹ̀: "Tamsin, ǹjẹ́ ẹ gbà láti fẹ́—"

"Mo gbà."

Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ jẹ́ kí n parí ìbéèrè ná."

"Ẹ má bínú," ni Tamsin wí. "Ẹ parí ẹ̀. Màá tún un sọ."