Etí Tí Kò Là Mọ́

Obìnrin aránṣọ kan wà tó mọṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Aṣọ tó bá rán kì í fún ni lára, kì í sì í tú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ le. Ọmọ-iṣẹ́ tó bá rán ìṣẹ́tí wọ́, ìgbátí ni. "Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn," ló máa ń wí.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ obìnrin gé aṣọ oníbàárà ṣì. Ọ̀gá gbá a létí. Ọmọ náà kò sunkún, ó kàn di orí mú. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà ní etí òsì rẹ̀ ti di.

Àwọn òbí rẹ̀ kò pẹjọ́. Ọmọ náà padà síbi iṣẹ́, èyí ló sì wá burú jù fún ọ̀gá. Bí ọ̀gá bá sọ̀rọ̀, ọmọ á yí ọrùn, á gbé etí kejì síwájú, á ní, "Ẹ ní kí ni, mà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bá ọ̀gá náà délé. Bí ẹ̀rọ ń dún, ó ń gbọ́ ọ. Bí omi ń ṣàn, ó ń gbọ́ ọ. Ó mu ọtí kó lè gbàgbé, ó ṣì ń gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan tó jẹ́ tíṣà rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nígbà èwe wá rán ẹ̀wù. Bó ṣe ń wọn èjìká rẹ̀, tíṣà ní, "Ọmọ mi, o ti wọn èjìká yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kí ló dé?"

Ni aránṣọ bá tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. "Tíṣà, igi ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fi tọ́ mi. Kí ni mo tún mọ̀?"

"O mọ ọ̀nà mìíràn. Ta ló di ọwọ́ rẹ mú tí o fi mọ orúkọ rẹ kọ? Ṣé mo lù ọ́? Èmi àti ọ̀gá rẹ la tọ́ ọ, ìwọ lo yan ẹni tí o tẹ̀ lé. Ẹ̀ṣẹ̀ ni, má pè é ní ẹ̀kọ́. Àmọ́ Jésù kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ yẹn."

Wọ́n kúnlẹ̀ láàárín àgékù aṣọ, wọ́n gbàdúrà. Aránṣọ sunkún, ó ń bẹ Jésù fún àforíjì, títí ohùn rẹ̀ fi há.

Lẹ́yìn náà, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà fà sẹ́yìn. "Ẹ dìde, mà."

"Mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Ariwo ṣì ń hó nínú etí mi," ni ọmọ náà wí, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Etí náà kò là. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ti jáwọ́ nínú ọtí, àti nínú ìgbátí. Yóò yí tábìlì ká dé apá ọ̀tún ọmọ náà kó tó sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Díẹ̀díẹ̀, ọmọ náà wá ń gé aṣọ láì bẹ̀rù, láì bojú wẹ̀yìn.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ọmọ ta ló ń wárìrì bí o bá wọlé? Olúwa kò ní bi ọ́ nípa ẹni tó lù ọ́. Nípa ẹni tí ìwọ lù ni yóò bi ọ́. Àforíjì wà, ṣùgbọ́n ta ló fún ọ ní ọ̀la? Lọ bá Jésù lónìí. Bí o bá dìde lórí eékún, lọ bá ọmọ náà, kí o tọrọ àforíjì.