Àwọn Tó Ń Kí Mi Nínú Ímeèlì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ ṣọ́ra o. Bí ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí bá kí yín nínú ímeèlì, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ má kí i padà. Ẹ má tilẹ̀ sọ fún un pé ẹ kò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Èmi ni Màmá Ambrose. Yàrá kan ni mò ń gbé ní Èbúté Mẹ́ta, lẹ́yìn ọ́fíìsì rélùwéè. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ni mò ń rán. Láti ìgbà tí bàbá Ambrose ti kú, tí Ambrose fúnra rẹ̀ sì ti lọ sí Kánádà, bí mo bá ti bo ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Mo lè kí ìyá onílé láàárọ̀, kó di àárọ̀ ọjọ́ kejì kí n tó tún la ẹnu.

Lọ́dún 1998, Ambrose kọ̀wé pé kí n máa lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà kọ lẹ́tà ránṣẹ́ ní Yábàá. Ó ní lẹ́tà ilé ìfìwéránṣẹ́ ń pẹ́ jù, tẹlifóònù ilé wa sì ti kú tipẹ́. "Màmá, bí mo bá kọ ọ́ láàárọ̀, ẹ ó kà á lọ́sàn-án."

Kùdírátù ló ń tọ́jú ibẹ̀, ọmọbìnrin kan tó lẹ́nu, àmọ́ tó láàánú. Òun ló bá mi ṣí àpótí ímeèlì.

"Màmá, àpótí yín rèé. Lẹ́tà tí wọ́n bá kọ sí yín, inú ẹ̀ ló máa bọ́ sí."

"Ṣé ẹlòmíì lè rí i?"

"Àfi tẹ́ ẹ bá sọ ọ̀rọ̀ ìwọlé yín fún un."

Mo ṣì wẹ̀yìn wò kí n tó tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ mi. Níbẹ̀rẹ̀, lẹ́tà Ambrose nìkan ni mò ń bá. Nígbà tó yá, mo bá mẹ́ta. Ọ̀kan jẹ́ ti Ambrose, méjì jẹ́ ti àwọn tí n kò mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ṣé dáadáa lo wà?" Obìnrin tó ń ta oògùn tó ń mú ara fúyẹ́ ló kọ ọ́.

Ní Ìjẹ̀bú tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í gbọ́ ìkíni ká dákẹ́. Ẹni tí a ń bá jà pàápàá, bó bá kí wa, a ó jẹ́ ẹ lóhùn, ká tó máa bá ìjà lọ. Mo bá fi ìka kan tẹ èsì sí i, pẹ̀lú ìwọ̀nba èdè Òyìnbó tí mo mọ̀: "Mo dúpẹ́. Àlàáfíà ni. Àwọn ará ilé ńkọ́? N kò sanra o, ẹ má bínú."

Lọ́sẹ̀ kejì, mo bá lẹ́tà mọ́kànlá. Ó di ogójì. Gbogbo wọn ń pè mí lọ́rẹ̀ẹ́. Bí mo bá sọ pé kò dùn mọ́ mi, irọ́ ni. Bí mo bá ń lọ sí Yábàá, ẹsẹ̀ mi á yá, bíi pé àwọn èèyàn kan ń dúró dè mí. Mò ń dá wọn lóhùn níkọ̀ọ̀kan. Bí Kùdírátù bá sún mọ́ mi, màá fi ara bo ojú kọ̀ǹpútà.

"Màmá, ṣé kò sí wàhálà o?"

"Ọ̀rọ̀ ẹbí ni."

Lẹ́tà kan wá wọlé tó dẹ́rù bà mí. Ó ní kí n fi òun ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá. Ó ní obìnrin kan pa òun rẹ́, ọmọ rẹ̀ sì kú kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Níbo ni mo ti fẹ́ rí èèyàn mẹ́wàá? Olúwatóyìn, ìyàwó Ambrose, sì wà nínú oyún nígbà náà. Láti ọjọ́ yẹn, n kò pa lẹ́tà kankan rẹ́ mọ́. Gbogbo wọn ni mo fi sílẹ̀ nínú àpótí.

Ambrose ti kọ̀wé nígbà yẹn pé, "Màmá, oṣù ti pé. Ọjọ́ tó bá bí gan-an ni màá kọ̀wé sí yín. Kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, ẹ fi orúkọ ránṣẹ́. Orúkọ tiyín ni a ó kọ́kọ́ pè."

Orúkọ náà ti wà lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n a kì í sọ ọmọ tó wà nínú oyún lórúkọ. Mo ní kó kọ́kọ́ dé ná.

Lọ́jọ́rú tó tẹ̀ lé e, n kò bá lẹ́tà tuntun kankan. Ambrose kò kọ. Àwọn tó ń pè mí lọ́rẹ̀ẹ́ pàápàá dákẹ́. Lọ́jọ́rú kejì, bákan náà. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mo ń ro ohun tí mo fi ṣẹ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni ọkàn mi lọ sórí lẹ́tà ẹlẹ́ni mẹ́wàá yẹn.

Lọ́jọ́rú kẹta, n kò bo ojú kọ̀ǹpútà mọ́.

"Kùdírátù, jọ̀ọ́, wá bá mi wò ó. Ọmọ mi ò kọ̀wé mọ́."

Ó tẹ orí ba. "Háà! Màmá! Ta ni gbogbo àwọn wọ̀nyí?"

"Wọ́n ń kí mi ni."

"Ta ló ń kí yín? Màmá, ẹni tó ń pè yín lọ́rẹ̀ẹ́ ọ̀wọ́n yìí, ẹ̀rọ ló fi ń fọ́n lẹ́tà ẹ̀ káàkiri ayé. Kò mọ̀ yín rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi pé ẹ ò dá wọn lóhùn."

"Gbogbo wọn ni mo dá lóhùn."

"Gbogbo wọn!" Ó fọwọ́ lérí. "Ẹni tó ń ta bàtà yìí náà?"

"Mo ní kó kú ọjà."

Ọkùnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà kejì bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ bá mi kí i o! Ẹ ní kó fi bàtà kan ránṣẹ́!"

"Bùọ̀dá, ẹ dojú kọ tiyín jàre," Kùdírátù dá a lóhùn. Ó fa àga mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ẹ gbọ́. Àwọn tó ń fọ́n lẹ́tà yìí kò mọ̀ bóyá èèyàn wà nídìí àdírẹ́sì kan tàbí kò sí. Ẹ kí wọn o, ẹ bú wọn o, tẹ́ ẹ bá ti dáhùn, ẹ ti sọ fún wọn pé ẹ wà nílé. Wọ́n á tún tà yín fún ẹlòmíì."

"Ambrose ńkọ́?"

Ó fi ìka han ìlà pupa kan lókè. "Àpótí yìí níwọ̀n. Ó ti kún láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́tà tó bá dé báyìí, ẹnu ọ̀nà ló ti ń padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi dákẹ́."

Ó na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà náà.

"Ẹ jẹ́ ká dà wọ́n nù."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo fi lẹ́tà ẹlẹ́ni mẹ́wàá hàn án. Ó kà á, ó pòṣé.

"Ẹni tó kọ èyí kò mọ ọmọ yín, Màmá. Ó dáa, èmi ni màá tẹ̀ ẹ́. Tó bá fẹ́ jà, kó wá bá Kùdírátù níbí." Ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà náà lọ. Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀.

Ó da ti àwọn àjèjì yòókù nù, ó wá fi ohun kan tó ń ṣiṣẹ́ bí asẹ́ hàn mí nínú àpótí náà. Ó kọ àdírẹ́sì Ambrose sí i, kí lẹ́tà rẹ̀ máa lọ tààrà sí àyè tirẹ̀. Ó kọ irú ọ̀rọ̀ tí àwọn àjèjì yẹn ń lò, "ọ̀fẹ́" àti "ẹ̀bùn", kí tiwọn máa lọ sí ibi ìdọ̀tí. "Àmọ́ ẹ máa yọjú wo ìdọ̀tí náà kẹ́ ẹ tó dà á nù. Asẹ́ lè gbé ohun gidi mọ́ èérí."

A kọ̀wé sí Ambrose. Lọ́jọ́ kejì, èsì dé. Kùdírátù ló kà á, torí ojú mi ń ṣú.

"Màmá, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ̀wé sí yín, gbogbo ẹ̀ ló padà. Mo rò pé nǹkan ti ṣe yín. Obìnrin ni Olúwatóyìn bí, ara àwọn méjèèjì le. A dúró dè yín títí dìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹjọ. Nígbẹ̀yìn, bàbá ìyàwó mi ló sọ ọ́ lórúkọ. Ọlọ́runfúnmi là ń pè é. Ẹ ṣì lè fi tiyín ránṣẹ́."

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ rèé. Lẹ́tà tí ẹ kò retí, ẹ má fèsì sí i, kódà láti ní kó má wá mọ́. Ẹ má kọ àdírẹ́sì yín síbi tí wọ́n bá ti ń ṣèlérí ẹ̀bùn. Èmi kọ tèmi síbì kan bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí mi. Lẹ́tà tó bá ń halẹ̀ ikú, ẹ pa á rẹ́, kò lágbára kankan. Ẹ máa gbọn àpótí yín kó má baà kún, kí ẹ sì fi asẹ́ rẹ̀ ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn èèyàn yín. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ ṣáà bi ẹni tó mọ̀ ọ́n léèrè. Ojú tì mí, mo sì fi ara bo kọ̀ǹpútà títí ọjọ́ kẹjọ fi kọjá.

Kùdírátù ò jẹ́ kí n sinmi lọ́jọ́ tí èsì Ambrose dé yẹn.

"Màmá àgbà, ẹ kú oríire! Ó yá, orúkọ wo ni ká tẹ̀ sí i?"

"Kọ ọ́ pé mo kí wọn. Kọ ọ́ pé inú mi dùn."

"Mo ti kọ ọ́. Orúkọ ńkọ́?"

"Ó ti lórúkọ. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ti kọjá."

"Ẹ sọ ọ́ fún èmi nìkan nígbà yẹn. Mi ò ní tẹ̀ ẹ́."

Mo mi orí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ nítorí Ọlọ́run."

Mo mú báàgì mi, mo dìde. Ó ṣì ń wò mí lẹ́nu. N kò sọ ọ́.